Nọ́ńbà Tó Ń Wọlé Sórí Fóònù Àkíbù

Àkíbù ọkọ mi ló ṣí àkántì tíkẹ́ẹ̀tì náà. Kì í ṣe èmi. Kí ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn ná. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló fi ṣí i, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè, ó sì gbé e sórí fóònù tèmi àti ti Jamilah ọmọ wa. Èmi ni mo máa ń gbé fìlà lọ tà ní Ìlọrin, Jamilah sì ń kàwé níbẹ̀. Bí Àkíbù bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Bẹ́yẹrúnká tí à ń gbé, ó máa yọ lójú fóònù ẹni tó ń lọ. Mo máa fi han àwọn tó dúró lẹ́nu ọkọ̀ ní Òjòó, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, mo máa wọlé. Èmi ò tẹ nǹkan kan. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ̀rù ohun téèyàn ń tẹ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ sì máa ń bà mí.

Àkíbù kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Nígbà tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, tí àwọn ẹbí ń pín ẹrù rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kò mú agbádá, kò mú rédíò, kò mú ọ̀kadà. Fóònù ló mú. Sìdí lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ. Alhaji ni mò ń pè é. Àwọn ìyàwó ilé yòókù ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé olójúkòkòrò ni. Èmi dákẹ́. Àṣàkẹ́ lorúkọ mi, Ìyá Jamilah ni wọ́n ń pè mí nínú ilé náà, ìdákẹ́ ló sì jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Jamilah kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Mọ́mì, ibi mẹ́ta péré lẹ máa tẹ̀. Ibi ẹ̀ ń lọ, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ wá sanwó. Ẹ má tẹ ibòmíràn."

Mi ò tẹ ibòmíràn. Bí mo bá sì ti rà á, fóònù Àkíbù tó wà lọ́wọ́ Alhaji á dún. Àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Àkíbù, a kí yín, tíkẹ́ẹ̀tì yín ti ṣetán. Yorùbá ló ti yàn pé kí wọ́n máa fi kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó ti kú.

Ní ọjọ́ Ajé kan lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, mo dé Òjòó pẹ̀lú ogójì fìlà nínú báàgì, fóònù mi sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kò síná ní Bẹ́yẹrúnká láti ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lẹ́nu ọkọ̀ na ọwọ́.

"Mà, tíkẹ́ẹ̀tì yín?"

"Inú fóònù ló wà."

"Fóònù ọ̀hún dà?"

"Òun ló kú yìí."

"Ẹ wọ àkántì yín lórí fóònù ẹlòmíràn, mà. Kò sí ohun tó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe kíá o, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra."

Fóònù ẹlòmíràn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọkùnrin tó tò sẹ́yìn mi ló na tirẹ̀ sí mi. Ó ga, ó ti hewú lẹ́bàá etí, ọ̀rá ẹ̀rọ ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀. Àpótí irinṣẹ́ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ gbà, Alhaja. Ẹ lo tèmi."

"Mi ò tí ì dé Mẹ́kà o."

"Ẹ máa dé ibẹ̀. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ dé Ìlọrin ná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́ o, èmi ò mọ̀ ọ́n."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

"Ó ti bùṣe nìyẹn," ó ní.

Obìnrin ẹnu ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ó bá wa tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní nọ́ńbà mẹ́fà máa wọlé sórí fóònù ẹni tó ni àkántì, pé kí a pe nọ́ńbà náà fún òun kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Lọ́wọ́ Alhaji ni fóònù náà wà. Fóònù ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí yìí náà ni mo sì máa fi pe nọ́ńbà tirẹ̀, tí mo ti há sórí.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni o, Alhaji. Ìyá Jamilah ni."

"Fóònù ta lo fi ń pè mí?"

"Ti ẹnì kan ní gáréèjì ni. Tèmi kú. Ẹ jọ̀ọ́ Alhaji, nọ́ńbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù Bàbá Jamilah."

"Ó ti dún. Mo gbọ́." Mo gbọ́ tó ń wá jígí ojú rẹ̀ káàkiri. "Mẹ́rin. Òdo. Òdo. Méje. Méjì. Mẹ́sàn-án."

Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Obìnrin ẹnu ọkọ̀ ti gbé ohùn rẹ̀ síta, ọkùnrin náà sì ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e lórí fóònù kan náà. Tíkẹ́ẹ̀tì mi yọ lójú fóònù rẹ̀, orúkọ mi wà lára rẹ̀. A wọlé. Àga rẹ̀ wà lẹ́yìn tèmi, torí náà mi ò rí ojú rẹ̀ mọ́ títí a fi dé Ìlọrin. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ nígbà tó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé Oyèdélé lòun ń jẹ́, pé ẹ̀rọ ìránṣọ lòun ń tún ṣe ní Gbági, pé ẹ̀rọ tí òun bá lè tú palẹ̀ nìkan lòun gbà gbọ́. "Èyí tí wọ́n lẹ̀ pa yìí, tí kò ní ojú ìdè kankan," ó ń sọ fóònù ni, "ta ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?"

Mo gbàgbé láti bi ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń yọ àkántì kúrò lórí fóònù ẹni ẹlẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Oyèdélé wá sí Ọjà'ba, níbi tí mo ti ń rán fìlà. Ìdí fìlà ni mo wà, Louisa tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹnu Louisa kì í sinmi. Ọkùnrin náà dúró níwájú wa, ó fi áńkáṣíìfù wé fóònù rẹ̀.

"Ẹ kúu kàtà-kárà o. Láti ìdí fìlà kan dé òmíràn ni mo ti ń béèrè. Mò ń wá ẹnì kan tó ń rán fìlà, Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀."

"Ta ló ń wá a?" Louisa ló dáhùn. "Ṣé ọlọ́pàá ni yín ni àbí àna?"

Ó rí mi. Ó tú áńkáṣíìfù náà.

"Alhaja, ẹ ṣì wà lórí fóònù mi. Láàárọ̀ àná ó dún, ó ní ẹ ń lọ Ìlọrin lọ́jọ́ Ajé. Èmi ò wá a o, òun ló wá bá mi. Mo wò ó pé kò dáa kí n máa mọ ìrìn obìnrin tí kò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni mo fi wá."

Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Láti ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ọjọ́ wo ni mò ń lọ.

Louisa gba fóònù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ibí ni. Ibi pupa yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ti jáde nìyẹn."

"Bí mo bá jáde lórí tirẹ̀," mo bi í, "ṣé kò ní lé mi jáde lórí tèmi?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"O ò rò bẹ́ẹ̀ ni àbí o mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

Louisa dákẹ́. Ohun tó lè pa Louisa lẹ́nu mọ́ kò pọ̀. Oyèdélé ká ọwọ́ kò bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan iná.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ó ní. "Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ajé yín ò gbọdọ̀ bọ́. Ká fi í sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má tẹ ibi pupa yẹn."

"Mo gbà," mo ní.

"Mi ò sì ní máa wò ó."

"Ẹ ò ní máa wò ó!" Louisa pariwo. "Fóònù tó ń dún nínú àpò yín!"

Oyèdélé ní kí n rán fìlà kan fún òun. Mo ní kí ó ṣí orí. Ó ṣí i, mo rí i pé orí rẹ̀ ti ń pá láàárín. Mo fi okùn wọn orí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan láti iwájú, ẹ̀ẹ̀kan sí i nítorí ọwọ́ mi ò dúró lójú kan. Ìnṣì mẹ́tàlélógún. Kò mira. Nígbà tó lọ tán, Louisa wò mí títí, ó wá ní orí ta ni wọ́n máa ń wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, fóònù méjì ló ń dún, ọ̀kan lọ́wọ́ Alhaji, ọ̀kan ní Gbági. Oyèdélé á pè mí. Á ní, "Alhaja, ó ti dún o. Ṣé kí n máa bọ̀?" Bí mo bá ní kó máa bọ̀, á lọ ra tirẹ̀ ní gáréèjì, á ní kí wọ́n fún òun ní àga ẹ̀gbẹ́ mi. Kò wá rí láìbi mí.

Mo bi í léèrè ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí a ti kọjá Fìdítì.

"Ó ti fi mí sílẹ̀ láti ọdún méjìlá. Èkó ló wà. Ó ní mo máa ń pẹ́ jù kí n tó dá èèyàn lóhùn."

"Ṣé òótọ́ ni?"

A ti dé Ọ̀yọ́ kó tó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó wà níwájú wa bojú wẹ̀yìn. Mo fi ìborùn bo ẹnu. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀.

Lóṣù kẹfà ó rán Louisa sí mi. Ìyẹn náà ya mí lẹ́nu, nítorí ó ní nọ́ńbà mi, ó lè pè mí. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ ìyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ téèyàn ń fẹnu ara rẹ̀ gbé wá.

"Èmi ni alárinà," Louisa ní, ó tún gèlè wé. "Bàbá Ẹ̀rọ ní kí n bi ẹ́ bóyá o lè máa wọn orí òun lọ títí ayé."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ò dùn tó èyí. Kí ni kí n lọ wí fún un?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mo rò ó títí. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí. Inú agboolé Àkíbù ni mò ń gbé. Jamilah ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀. Àwọn ni wọ́n máa fà á fọ́kọ lọ́jọ́ kan, Alhaji ló sì ṣáájú wọn.

"Àbí Alhaji yẹn fẹ́ ṣú ẹ lópó ni?" Louisa bi mí. "Kí ló dé tó ń gbé fóònù ọkọ rẹ káàkiri bí ẹni gbé ìwé ilẹ̀?"

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an ló sọ yẹn.

Lóṣù kẹjọ, ìyá kan ti jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ mi kí Oyèdélé tó dé gáréèjì. Ìdí ẹnu ọ̀nà ni Oyèdélé jókòó sí títí dé Ìlọrin. Ó ní nígbà mìíràn kí n kúkú ra ti àwa méjèèjì pọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí yàrá mi, mo tẹ ibi tí mò ń lọ, mo tẹ ọjọ́. Lẹ́yìn náà mo tẹ ibi kẹrin, èyí tí Jamilah ò fi hàn mí. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí à ń jọ lọ. Mo kọ ọ́. Àyà mi ń já bí ìgbà tí mo jí ẹran nínú ìkòkò ìyá mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Alhaji ránṣẹ́ pè mí. Yàrá rẹ̀ ló wà níwájú ilé. Fóònù Àkíbù wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyàwó, ta ní ń jẹ́ Oyèdélé?"

Mo wo fóònù náà lórí àpótí.

"Mi ò mọ̀wé," ó ní. "Nọ́ńbà nìkan ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ àbúrò mi bí mo bá rí i, torí òun ló máa ń ṣáájú. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń ta káàdì ní Bẹẹrẹ. Ó kà á fún mi lójú gbogbo èèyàn. Àkíbù, tíkẹ́ẹ̀tì yín méjì ti ṣetán. Àṣàkẹ́. Oyèdélé. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà."

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́."

"Orúkọ Àkíbù lókè, orúkọ ọkùnrin mìíràn nísàlẹ̀. Ṣé ilé àbúrò mi lo mú un wọ̀?"

"Kì í ṣe ilé, Alhaji. Àkántì ọkọ̀ ni."

"Orúkọ ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀?"

Àwa méjèèjì la mọ orúkọ náà.

"Ẹni tó ń ta káàdì ní ibì kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù yìí tí gbogbo fóònù yòókù á fi bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Tìrẹ náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kankan ò ní tẹnu mi jáde mọ́." Ó gbé ojú kúrò lára mi. "Jamilah ṣì wà nílẹ̀. Èmi ni mo máa fà á fọ́kọ. Rántí ìyẹn."

Mo padà sí yàrá mi. Mo ṣí fóònù mi, wọ́n ní kí n mú nọ́ńbà mẹ́fà wá. Jamilah pè láti Ìlọrin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Mọ́mì, wọ́n ti yọ èmi náà o. Ṣùgbọ́n mo ti rí orúkọ Oyèdélé kí wọ́n tó yọ mí."

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi.

"Mọ́mì? Ẹ má dákẹ́ báyẹn. Inú mi ò bàjẹ́. Mo kàn ń dúró kí ẹ sọ fún mi ni."

Mo ní kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí n sọ fún un nígbà mìíràn. Kò ju ìyẹn lọ.

Oyèdélé kò pè, tíkẹ́ẹ̀tì àwa méjèèjì sì ṣòfò. Mo dúró dè é ní ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Èmi náà ò pè é. Mo rò pé ọ̀rọ̀ Alhaji ti dé etí rẹ̀ ni, pé ó ti sá. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pe èrò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí kò gba tíkẹ́ẹ̀tì, ni mò ń wọ̀ lọ sí Ìlọrin, mo sì ń fi báàgì fìlà sí àga ẹ̀gbẹ́ mi. Oṣù kan kọjá. Ìkejì fẹ́ tán. Louisa ló sú, ó gbéra, ó lọ sí Gbági. Nígbà tó dé, ó jókòó sórí ẹrù òwú rẹ̀, ó ń fẹ́ ara rẹ̀.

"Ó ní ìwọ lo lé òun."

"Èmi?"

"Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan lòun ṣí fóònù, o ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní ẹ jọ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò ní tẹ ibi pupa yẹn. Pé nígbà tó o ti wá tẹ̀ ẹ́, èsì tó o fẹ́ fún òun nìyẹn. Òun ò sì fẹ́ yọ ẹ́ lẹ́nu."

"Louisa, mi ò tẹ nǹkan kan! Alhaji ni!"

"Mo sọ fún un. Ó dákẹ́. Ẹ̀pà tí mo rà níbẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán pátápátá kó tó la ẹnu."

"Kí ló wá wí?"

"Ó ní bó bá jẹ́ pé ìwọ kọ́, òun ṣì wà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, òun á wà ní Òjòó ní agogo méje, òun á dé fìlà tó o rán fún òun. Bí o bá wá, òun á mọ̀. Bí o ò bá wá, òun ò ní da ọkàn rẹ láàmú mọ́."

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Mo ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀ náà? Alhaji ò ní ka nọ́ńbà fún mi."

Louisa wò mí bí ẹni tó ń wo ọ̀dẹ̀. "Ṣí tìrẹ! Nọ́ńbà rẹ, orúkọ rẹ. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Orúkọ tèmi?"

"Àbí ti ta?"

Mi ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni ẹbí kan ń ní, bí ẹnu ọ̀nà agboolé. Louisa na ọwọ́ kí n gbé fóònù mi wá. Mi ò gbé e fún un. Bí mo bá ṣí i ní kọ̀rọ̀ Ọjà'ba, bí olè ni mo máa rí, a ó sì gbọ́ ọ ní Bẹ́yẹrúnká lọ́jọ́ kan lẹ́nu ẹni tó ń ta káàdì. Tèmi lè tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n Jamilah ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ kúrò nílé, kó gba ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú ni mo tó lè lọ bá a, lẹ́yìn ìrun Àlásárì. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo wọlé.

"Alhaji, ẹnì kan fẹ́ fẹ́ mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi."

Mo wá sọ èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù, mo sọ ọ́ kíá. "Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣú mi lópó ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí n mọ̀."

"Ṣú ta?" Ó dìde jókòó dáadáa. "Èmi? Pẹ̀lú orúnkún yìí? Ìyàwó méjì tó wà nílẹ̀, ṣé wọ́n jẹ́ kí n sinmi ni?"

"Wọ́n ní torí ẹ̀ lẹ ṣe mú fóònù."

Ó wo fóònù náà lórí àpótí. Ó pẹ́ kó tó mú un. Ojú fóònù náà ti là níbi méjì, ṣùgbọ́n ó mọ́, ó ti nù ún, iná sì kún inú rẹ̀.

"Wá wò ó," ó ní.

Mo fi orúnkún sún mọ́ ọn. Ó ń fi àtàǹpàkò tì í sókè díẹ̀díẹ̀. Kò pa ọ̀kan rẹ́. Àkíbù, a kí yín. Àkíbù, ọkọ̀ yín máa gbéra ní agogo méje. Àkíbù, ẹ kú àbọ̀. Àkíbù, tíkẹ́ẹ̀tì yín ti ṣetán. Ọdún mẹ́rin wà níbẹ̀.

"Ọjọ́ tí a sin ín," ó ní, "fóònù rẹ̀ wà lápò mi. Mo bá a gbà á nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe ti ibojì dé, ó dún. Mo ní kí wọ́n kà á fún mi. Wọ́n ní, Àkíbù, ẹ kú àbọ̀. Jamilah ló ti Ìlọrin dé. Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n pè."

Mo tún wo ojú fóònù náà.

"Nínú ilé yìí, wọ́n kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá Jamilah ni ìwọ ń pè é. Olóògbé ni àwọn tó kù ń pè é. Àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn nìkan ló kù ní gbogbo Ìbàdàn tó ń pe àbúrò mi lórúkọ. Bó o bá ti wọ ọkọ̀, wọ́n á pè é. Èmi á sọ fún ara mi pé ó ti gba Ìlọrin lọ, ó ń bọ̀." Ó gbé fóònù náà kalẹ̀. "Oṣù méjì nìyí tí kò dún. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣájì rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́."

Mo wo ẹní tí mo kúnlẹ̀ lé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bẹ̀rù ọkùnrin yìí, kì í ṣe ohun tó yẹ kí n bẹ̀rù ni mo bẹ̀rù.

"Alhaji," mo ní, "Jamilah ló yẹ kó máa lò ó. Ọmọ rẹ̀ ni. Bó bá ti ń lọ, bó bá ti ń bọ̀, á máa dún. Èmi á ṣí tèmi."

"Ṣé orúkọ Àkíbù náà ni wọ́n á ṣì máa pè?"

"Bí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ ibẹ̀, kò ní yí padà."

Ó ní kí n pe Jamilah. Mo pè é, mo ní kó gbìyànjú láti wọ àkántì bàbá rẹ̀. A dúró. Fóònù dún lórí àpótí, Alhaji fò mọ́ ọn bí ẹni tí wọ́n pè lójú oorun. Ó wọ jígí rẹ̀.

"Jamilah, ṣé ò ń gbọ́ mi? Mẹ́jọ. Ẹyọ kan. Márùn-ún. Márùn-ún. Òdo. Mẹ́ta." Ó tún gbogbo rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀kejì bí ọmọ náà tilẹ̀ ti sọ pé òun ti wọlé.

Nígbà tí mo dìde láti lọ, ó ní, "Ọkùnrin yẹn, kó wá kí mi. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́yàwó, inú ilé tirẹ̀ ni kó mú un wọ̀. Kó má gba inú ti Àkíbù kọjá."

"Ó máa wá, Alhaji."

"Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀?"

"Rárá o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí tèmi, Jamilah ń sọ ibi tí mo máa tẹ̀ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá Oyèdélé ní Òjòó lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Fìlà náà wà lórí rẹ̀. Ó dìde nígbà tó rí mi. Mo na fóònù mi sí i. Àṣàkẹ́, a kí yín, tíkẹ́ẹ̀tì yín ti ṣetán. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ti tó ìgbà tí ọkọ̀ ń gbéra kó tó ní, "Àṣàkẹ́ lásán ni wọ́n pè yín. Títí wọ́n á fi máa pè yín ní Alhaja níbẹ̀, ẹ ní sùúrù díẹ̀."

Ilé bàbá mi lókè Màpó ni wọ́n ti so yìgì wa, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Kò lérò púpọ̀. Louisa jókòó síwájú, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ni alárinà. Alhaji wà láàárín àwọn àgbàlagbà. Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Jamilah ò tí ì dé, ó ní ìdánwò lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé wọ́n máa so wá láìsí i níbẹ̀. Mi ò lè ní kí àgbàlagbà mẹ́wàá dúró de ọmọ mi.

Àlùfáà ti la ẹnu nígbà tí fóònù dún.

"Ta ló gbé fóònù wá síbi àdúrà?" ẹnì kan béèrè pẹ̀lú ìbínú.

Alhaji yọ ọ́ nínú àpò agbádá rẹ̀. Ó wọ jígí, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nà án kọjá orí àwọn èèyàn sí Oyèdélé.

"Bá mi kà á."

Oyèdélé gbà á. Ó wò mí, ó wo fóònù. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àkíbù," ó kà á sókè, "ẹ kú àbọ̀. Ọkọ̀ yín ti dé Òjòó."

Alhaji mi orí. Ó gba fóònù rẹ̀ padà.

"Àlùfáà, ẹ ní sùúrù," ó ní. "Ọmọ rẹ̀ ti dé. Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

Wákàtí kan ni a fi dúró.